Edé Òkun, Edé Ọ̀sà: Bí Wọ́n Ṣe Lé Ìyá Àgbà Mi Kúrò Nílé

Ilẹ̀ tí a fi bo Ìyá Àgbà kò tíì gbẹ tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé wa ní Ìkìjà ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ pé òwò ló gbé e lọ sí Arò, pé fúnra rẹ̀ ló yàn láti máa gbé ibẹ̀ kó lè súnmọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n ní oníwà tútù ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Wọ́n tún ránṣẹ́ sí mi pé kí n má sọ ohun mìíràn, nítorí a kì í bá òkú rojọ́.

Mo gbọ́. Òkú kọ́ ni mo fẹ́ bá rojọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń yá, kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ lórí ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni màá ṣe sọ ọ́, ibi tó bá sì korò, n kò ní fi oyin sí i.

Oníwà tútù. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Arò ni àwọn ọkọ̀ tó bá ti ìsàlẹ̀ odò Ògùn gòkè wá ti máa ń já ẹrù: iyọ̀, ẹja gbígbẹ, aṣọ òyìnbó, àti edé. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti máa ń jókòó lórí àpótí kékeré, abẹ́ ahéré rẹ̀, àtẹ lórí itan. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le bí igi àjẹ̀. Òórùn edé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Kì báà fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó tún fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Bí ọlọ́kọ̀ bá sọ agbọ̀n edé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kì í kọ́kọ́ bi í pé èló ni. Ohun tó máa ń bi í ni pé, "Níbo ni wọ́n ti mú un?"

Ọlọ́kọ̀ kan dá a lóhùn lójú mi pé, "Inú omi ni, Ìyá."

Ó gbé ojú sókè. "Inú omi. Ìwọ náà, inú ilé ni wọ́n ti bí ọ. Ilé ta ni mò ń bi ọ́."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, inú bí ọlọ́kọ̀, ó ní edé ni edé, ohun tí à ń fi sínú ọbẹ̀ kò ní ìdílé. Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ agbọ̀n náà dé ìsàlẹ̀, ó hú ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, ó sì tẹ́ ẹ síwájú ọkùnrin náà. Edé odò ni wọ́n fi kún ìsàlẹ̀, wọ́n wá fi edé ọ̀sà bo orí rẹ̀. Ó mú ọ̀kan sókè ní apá. "Wo apá gígùn bí apá ẹni tó fẹ́ jà. Ti ọ̀sà kò ní irú apá yìí. Wo ẹyin tó gbẹ mọ́ ọn nínú. Èyí kò rìn jìnnà: ẹ̀yìn ilé wa níbí ni wọ́n ti mú un, ìwọ sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún mi bíi pé Èkó lo ti wakọ̀ gbé e bọ̀." Kò tíì tán. Ó da gbogbo agbọ̀n náà padà sínú ọkọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dà á, iyanrìn àti edé pọ̀. Ó ní, "Kò sí ohun tó burú nínú edé odò. Ohun tó burú ni kí o pe ọmọ ẹlòmíràn ní orúkọ ọmọ mi."

Ẹni tí wọ́n ń pè ní oníwà tútù nìyẹn.

Ọ̀nà tó ń gbà yà wọ́n kò jọ ti àwọn yòókù. Àwọn obìnrin Arò, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ edé: èyí tó pupa, èyí tó funfun, èyí tó dúdú díẹ̀. Nígbà tí mo kéré tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa á, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe, mo kó pupa sọ́tọ̀, mo kó funfun sọ́tọ̀. Ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ padà. "Àbẹ̀kẹ́, iná ló ń fún edé ní àwọ̀. Igi tí wọ́n fi yan án ni o ń ṣà yẹn, ìwọ kò tíì ṣa edé." Ó wá fi hàn mí. Ìwo kan wà lórí rẹ̀, láàárín ojú méjèèjì, tó ní eyín bí ayùn, lókè àti nísàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwo náà, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọ̀tún lọ sẹ́yìn, òmíràn gba òsì, bí ipa ọ̀nà tí ẹsẹ̀ là sínú koríko. Ó ní kí n fi èékánná tọ̀ ọ́. Mo fi èékánná tọ̀ ọ́, ó gùn dé ẹ̀yìn orí. "Ohun tí iná kò lè pa rẹ́ ni kí o fi mọ ẹni."

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí ti ṣẹ̀.

Létí ọ̀sà, ní ìhà Èkó, ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà. Apẹja ni baba rẹ̀. Bàbá àgbà mi máa ń lọ ra iyọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí i tó sì fẹ́ ẹ, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì wà nínú igbó, tí ogun kò tíì lé wa wá sábẹ́ Olúmọ. Ilé ọkọ rẹ̀ kì í jẹ edé. Wọ́n ní baba ńlá ilé wa kan lọ sí etí òkun pẹ̀lú àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà ń ṣa edé tí ìgbì dà sílẹ̀, ìgbì mìíràn dé, ó gbé e lọ. Baba náà dúró létí omi, ó fi òkun bú, ó ní ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohun tó ti inú rẹ̀ wá.

Ìyá Àgbà kò mọ̀. Ó gbé agbọ̀n edé dé bí ẹrù ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi ní Arò, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.  Ìyá ọkọ rẹ̀ kó ẹsẹ̀ kúrò nítòsí agbọ̀n náà bí ẹni tó rí ejò.

"Kí ni ẹ wá ṣe, Ìyá Àgbà?"

"Ọmọdé ni mí, mo sì fẹ́ràn edé ju ọkọ mi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọkọ mi. Ti òkun ni baba yín bú. Èyí, ti ọ̀sà ni.'"

Àwọn àgbà jókòó lé e lórí. Wọ́n bi bàbá àgbà mi, ó ní òótọ́ ni, òun rí ọ̀sà, òun rí òkun, omi méjì ni, ọ̀kan ní ìgbì, ọ̀kan kò ní. Wọ́n gbà. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti ń jẹ edé ọ̀sà, tí wọ́n sì ń sá fún edé òkun. Ẹni tí a bí lẹ́yìn náà kò mọ̀ pé ìyàwó kan ló là á sí méjì nítorí ọ̀fun. Ó rò pé láti ọ̀run ni wọ́n ti là á.

Mo bi í pé, "Ṣé irọ́ lẹ pa fún wọn?"

"Irọ́ kọ́. Inú ọ̀sà ni baba mi ti mú un lóòótọ́. Ibi tó ń lọ ni n kò sọ."

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Nítorí ní ìgbà tó ń sọ ọ́, ohun tí kò sọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A ti wà ní Abẹ́òkúta, ilé ti ní òrùlé, mo ti di ọmọge. Bàbá àgbà mi ti kú, àbúrò rẹ̀ ló jẹ baálé. Ibà kan wọ ìlú lọ́dún náà, ó pa ọmọdé ní Ìkìjà, ó pa ní Kémta, ó pa ní Ìbarà, ó pa ní àwọn ilé tí wọn kò fi edé sínú ọbẹ̀ rí. Ó pa Àlàó, ọmọ ìkẹyìn Baba Baálé. Baba náà ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù. Ìyàwó rẹ̀ bá a wá a. Ó rí orí edé kan ní ààtàn wa, ó tó àtàǹpàkò, ìwo rẹ̀ ṣì wà lórí. Edé ńlá ni, tí oníṣòwò kan fi ta Ìyá Àgbà lọ́rẹ ní Arò, tí Ìyá Àgbà sì fi ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kó sè é. Ìyá mi sè é. Àlàó bá wa jẹ níbẹ̀, bí ọmọdé agbo ilé ṣe máa ń jẹ níbi tí oúnjẹ bá ti kọ́kọ́ jinná.

Wọ́n ní èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ti òkun ni, pé ìyá mi ti fi edé òkun pa ọmọ. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó padà sí ilé baba rẹ̀ ní Òwu. Àwa ọmọ yóò dúró, nítorí ọmọ ilé ni wá. Èyí tó kéré jù nínú wa ṣì ń mu ọmú.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n jókòó láti fi òpin sí i, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baba Baálé. Ìyá mi kúnlẹ̀ láàárín. Baba mi jókòó láàárín àwọn arákùnrin rẹ̀, ó ń fi ìka ya ilẹ̀. Àkànní, àkọ́bí Baba Baálé, fẹ̀yìn ti òpó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà wọlé láti Arò, àtẹ lórí, ewé ló fi bò ó. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọkọ mi."

Baba Baálé ní, "Ìyàwó, a kò ránṣẹ́ pè ọ́."

"Ẹ kò pè mí. Edé lẹ pè, èmi ni mo sì ni í."

Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó ń to edé lé e lórí, láti orí èyí tó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́, ó ń tò ó lọ, díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń tóbi sí i, títí dé àwọn tó tó àtàǹpàkò, tó sì jù ú lọ. Ó gba etí ẹní kan dé etí èkejì.  Ó wá dìde, ó ní, "Ẹ fi ìka hàn mí, ibo ni ọ̀sà parí sí, ibo ni òkun ti bẹ̀rẹ̀?"

Àgbà kan na ọwọ́, ó tọ́ka sí ibì kan. Èkejì ní rárá, ibẹ̀ ti kọjá, ó fà á sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ní àwọn méjèèjì kò ríran. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn lórí ẹní náà, Àkànní sì ń rẹ́rìn-ín níbi òpó.

Ìyá Àgbà ní, "Baba, èyí tí ẹ fi ìka sí pé ti òkun ni, irú rẹ̀ ni mo tà fún ìyàwó yín lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ṣé ó dùn mọ́ yín lẹ́nu?"

Ó mú kékeré kan àti ńlá kan, ó kó wọn fún Baba Baálé. "Ẹ wo ìwo. Ẹ wo ọ̀nà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwo. Ẹ fi èékánná tọ̀ ọ́ lára méjèèjì." Baba Baálé kò tọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà wá ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé e lórí ẹní. "Àwọn wọ̀nyí, ìdí igi tó ta gbòǹgbò sínú omi, létí ọ̀sà. Wọ̀nyí, àárín ọ̀sà. Wọ̀nyí, ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń ya sínú òkun, nígbà tí omi òjò bá ń fà lọ. Baba mi máa ń dẹ àwọ̀n dè wọ́n níbẹ̀, òkun ni gbogbo wọn kọjú sí. Àwọn ńlá yìí, inú òkun ni." Ó ṣẹ́ ẹ̀yìn ńlá kan sí méjì, ó fi hàn yípo. "Ẹyin rẹ̀ nìyí, tó gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn. Láti kékeré mi, n kò rí ẹyin rí lára ti ọ̀sà. Mo bi baba mi léèrè, òun náà kò rí i. Ìlú wo ló wà láyé tó jẹ́ ọmọdé nìkan ló ń gbé ibẹ̀? Àwọn ìyá wọn ń bẹ nínú òkun. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n."

 Baba Baálé kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, a jẹ́ pé láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé yìí ni o ti ń fún wa ní èèwọ̀ jẹ."

Ìyá Àgbà lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níbẹ̀. Ó lè ní bóyá òun ṣì í. Ìyá mi ì bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, Ìyá Àgbà ì bá sì kú sínú yàrá rẹ̀ ní Ìkìjà, láàárín ọmọ àti aya ọmọ.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo yín sì sanra."

 Ó tún kúnlẹ̀. "Bí edé bá ń pa yín, èmi ni kí ẹ dì mú, èmi ni mo gbé e wọlé, èmi ni mo fún obìnrin yìí sè. Òun kò mọ̀. Ẹ fi ìyá sílẹ̀ fún ọmọ."

Wọ́n fi ìyá sílẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ní kí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà má wọ agbo ilé náà mọ́, láàyè tàbí lókùú. Ó ṣa edé rẹ̀ sínú àtẹ, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, ó gbé e rù. Baba mi, ọmọ tí ó bí, kò gbé ojú sókè. Ìka rẹ̀ ṣì ń ya ilẹ̀. Mo ti sin baba mi, mo ti sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ìka yẹn, ẹkún náà a gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bí mi nínú jù. Wọn kò fi edé sílẹ̀. Ẹni tó fún wọn ní èèwọ̀ jẹ ni wọ́n lé. Èèwọ̀ náà, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Edé ọ̀sà ni, ẹ rí i, ti òkun kọ́. Ìyàwó Baba Baálé fúnra rẹ̀ máa ń wá rà á ní Arò, lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, nítorí tirẹ̀ kì í ní iyanrìn. Ìyá Àgbà á gbé igbá sókè, á bi í lójú gbogbo ọjà pé, "Ẹ kú àbọ̀ o. Èwo ni kí n wọ̀n, ọmọ ni àbí ìyá?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé. Ìyá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un láti Ìkìjà. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á jọ máa ṣa edé. Nígbà tí ogun dí ojú odò, tí ọkọ̀ kò gòkè mọ́, ó ṣì ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú àtẹ òfìfo, ó ń nù ún. Obìnrin kan ní, "Ìyá, ẹ lọ sinmi. Kò sí edé mọ́." Ó ní, "Edé ń bẹ. Ọ̀nà ni kò sí."

Lórí àpótí náà ni a ti bá òkú rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ̀yìn ti òpó ahéré.

Wọ́n gbọ́ ní Ìkìjà, wọ́n sì dé. Baba Baálé ti kú tipẹ́. Àkànní tó fẹ̀yìn ti òpó ló ti di Baálé. Ó mú àwọn ọkùnrin tí yóò gbé òkú wá, wọ́n mú aṣọ wá. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ó ní àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn sí etí omi bí àlejò, inú ilé ni kí a sin ín sí, ará ìlú ń wò wá. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Ìyá mi ti darúgbó. Ó kí wọn, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Baba." Ó wọ inú ahéré, ó gbé àwo kan jáde, ó sì gbé e síwájú Baálé. Edé gbígbẹ ni, kékeré àti ńlá ló dà pọ̀. Ó ní, "Láàyè tàbí lókùú, lẹ wí níjọ́ náà. Kí ẹ tó gbé e, ẹ jẹ ẹyọ kan. Ìyẹn ni ẹ ó fi sọ pé kò jẹ̀bi."

Baálé wo àwo. Àwọn ọkùnrin tó mú wá ń wò ó. Ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ rà bàbà lórí àwo náà, ó sì mú èyí tó kéré jù nínú wọn.

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ nìyẹn, Baba. Ẹ mú ìyá."

Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà á padà, ó sì jẹ́ kí kékeré náà bọ́ sínú àwo. Ó ní yóò kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Wọ́n gbé aṣọ wọn, wọ́n lọ. A gbẹ́ ilẹ̀ sí ojú ibi tí àpótí rẹ̀ máa ń wà, abẹ́ ahéré, a sì tẹ́ Ìyá Àgbà síbẹ̀, a kọ ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, síbi tí omi ń lọ.